Kí gan-an ni ẹ ń fọwọ́ sí ní ilé ìwòsàn? Ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí kì í ṣe ọ̀kan náà

Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó tàbí OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, lè gba ìbéèrè mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan á ní kó fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹlòmíràn á kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wọlé, á ní kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò. Ẹnì kẹta á gbé ìwé mìíràn dé, á ní àwọn ń ṣe ìwádìí, àwọn sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Bẹ́ẹ̀, èrè ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀, ewu wọn yàtọ̀, ohun tí òfin sì sọ nípa wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ra lè kọ ohun tí ì bá gbà á là, ó sì lè gba ohun tí kò pọn dandan kó gbà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni ìwé yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn kò jẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbàgbé ègé aṣọ sínú ikùn aláìsàn lójú iṣẹ́ abẹ, ìfọwọ́sí rẹ̀ kò bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀. Kò sígbà tó gbà kí wọ́n ṣe é ní àìbìkítà. Ìyọ̀ǹda ni ọ̀rọ̀ tí dókítà bá aláìsàn sọ, tó yé e, tó sì fi pinnu fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà wáyé ni ìwé. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti wáyé, kò sí ohun tí ìwé ń jẹ́rìí sí.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò fi èyí sílẹ̀ fún inú rere dókítà. Apá 23 rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ̀: bí ìlera rẹ̀ ṣe rí, oríṣiríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà fún un, àǹfààní, ewu, iye owó àti àtubọ̀tán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀, pẹ̀lú ohun tí kíkọ̀ náà lè fà. Òfin tún ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bí ìmọ̀ ìwé rẹ̀ ṣe tó. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ tí wọ́n kàn nà sí ìyá àgbà tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kò tíì dé ibi tí òfin ń lọ, bó tilẹ̀ tẹ̀ka síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ abẹ tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń ṣe láti yọ fáíbírọ́ìdì, ìyẹn kókó tó ń hù sí ilé ọmọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára ilé ọmọ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ lè dà gan-an lójú iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá tí àwọn kókó náà bá tóbi tàbí tí wọ́n bá pọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á kọ̀, kò ní dá, ohun kan ṣoṣo tó sì kù tí dókítà lè fi gba ẹ̀mí obìnrin náà là ni kó yọ ilé ọmọ pátápátá. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda, gbólóhùn kan wà tó sọ pé aláìsàn gbà kí dókítà ṣe ohunkóhun mìíràn tó bá pọn dandan. Inú gbólóhùn kékeré yẹn ni yíyọ ilé ọmọ wà. Obìnrin tí kò tíì bímọ, tó fọwọ́ sí i láìsí ẹni tó là á fún un, lè jí lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n wá sọ fún un pé kò ní ilé ọmọ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí dókítà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó sì ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Síbẹ̀ ó ti ṣẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ ṣáájú kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Kí ló yẹ kí obìnrin bẹ́ẹ̀ bèèrè? Kó bèèrè iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú sílẹ̀ fún un. Kó bèèrè bóyá oògùn tàbí dídúró wò ná lè ṣiṣẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo fáíbírọ́ìdì ló nílò abẹ. Tí dókítà bá ní ewu rẹ̀ kéré, kó béèrè pé nínú obìnrin ọgọ́rùn-ún, mélòó ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Kékeré lójú ẹni tó ń lo abẹ lè jẹ́ ńlá lójú ẹni tí wọ́n fẹ́ lo abẹ fún. Kó sì bèèrè ní tààrà pé: ṣé ẹ lè yọ ilé ọmọ mi, ìgbà wo lẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Àsìkò tí wọ́n gbé ìwé dé náà ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti fi ọjọ́ sí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti máa fún aláìsàn ní bírò. Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn tó ń mú oorun kunni, ìpinnu rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Obìnrin tí ìrọbí ti mú gan-an lè gbà sí ohunkóhun kí ìrora lè tán. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde láti ìgbà tó ti ń wá fún ìtọ́jú aboyún. Pàjáwìrì yàtọ̀. Ẹni tí mọ́tò gbá tí kò mọ ibi tó wà kò lè fọwọ́ sí nǹkan kan, kò sì yẹ kí dókítà dúró dè é. Apá 20 òfin kan náà sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀, ni ìjìyà rẹ̀. Òfin ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà tún fi kún un pé wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn yálà ọlọ́pàá kọ ìwé fún wọn tàbí kò kọ ọ́.

Ta ló wá yẹ kó fọwọ́ sí i? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, wọ́n á ní kí ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ wá. Kò sí òfin tó sọ pé obìnrin tó ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, kò lè fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Àṣà ni, kò sì ṣòro láti mọ ohun tó bí i: ilé ìwòsàn ń wá ẹni tí yóò sanwó, tí yóò wá ẹ̀jẹ̀, tí kò sì ní wá jà tí nǹkan bá bàjẹ́. Kí ọkọ mọ̀ sí i dára, kí ó wà níbẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá há, tí fóònù ọkọ kò sì lọ, dídúró lè mú kí ilé ọmọ ya, ó sì lè mú kí ọmọ má rí afẹ́fẹ́ tó. Nọ́ọ̀sì tó bá rí i pé obìnrin náà ti gbà, tó ṣì ń wá ọkọ kiri, ń fi àṣà pa ènìyàn.

Ẹni tó lè gbà náà lè kọ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà ti yanjú èyí ní ọdún 2001 nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo. Obìnrin kan tó kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kú lọ́wọ́ dókítà náà, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí sì dá a dúró fún oṣù mẹ́fà. Ilé ẹjọ́ ní dókítà náà kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, bí ìpinnu náà tilẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019 ilé ẹjọ́ kan náà dá dókítà kan láre tó fi àṣẹ ilé ẹjọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ̀ fún. Òbí lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sin ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò lè fi ti ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan ṣe é.

Èyí tó le jù nínú ilé Yorùbá ni ti àìsọ fún aláìsàn. Àwọn ọmọ á fà dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Bàbá pé jẹjẹrẹ ni, ẹ̀rù ló máa kọ́kọ́ pa wọ́n. Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ara Bàbá ni, ìgbẹ̀yìn Bàbá sì ni. Ó lè ní ilẹ̀ tó fẹ́ pín, gbèsè tó fẹ́ san, ẹni tó fẹ́ bẹ̀. Òfin gbà kí dókítà dákẹ́ kìkì níbi tí ẹ̀rí tó lágbára bá ti wà pé sísọ ọ́ lòdì sí ire aláìsàn. Ìbẹ̀rù àwọn ọmọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ọ̀nà tó dára ni kí dókítà bi aláìsàn fúnra rẹ̀, kí àyẹ̀wò tó jáde: Bàbá, tí èsì yìí bá dé, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ ká bá sọ ọ́? Bí Bàbá bá ní kí wọ́n bá àkọ́bí òun sọ ọ́, ìyẹn náà jẹ́ ìpinnu rẹ̀.

Ohun tó so gbogbo èyí pọ̀ ni ìfura. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Yunifásítì Minnesota, James Rest, pín ìwà tó tọ́ sí mẹ́rin: kí èèyàn rí i pé ọ̀ràn wà nílẹ̀, kó mọ èyí tó tọ́, kó fẹ́ láti ṣe é, kó sì ní agbára láti ṣe é dópin. Rírí ló fi ṣíwájú, ó sì tọ̀nà. Púpọ̀ nínú ìyà tí aláìsàn ń jẹ kì í ṣe láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó burú. Láti ọwọ́ ẹni tí kò rí nǹkan kan ni: ó rí wọ́ọ̀dù tó kún, ó rí ìwé tó yẹ kó kún, kò rí ẹni tó ń mi orí láìgbọ́.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń bèèrè tí kò wúlò rárá: ṣé ó ti yé yín? Láwùjọ wa, wọ́n á dáhùn pé ó ti yé mi, sà. Aláìsàn kò fẹ́ já dókítà kulẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òpè. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á yí i padà: Mà, tí wọ́n bá bi yín nílé pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín lọ́la, kí lẹ máa sọ fún wọn? Ibi tí ìdáhùn bá ti yà ni yóò ti tún un là. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó tún yẹ kó fura sí aláìsàn tí kò bèèrè ohunkóhun, sí ìyàwó tí ọkọ ń dáhùn fún, àti sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ọdún 14 ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Ọmọ yẹn kò ní lè sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí wọ́n rí lójú ara rẹ̀.

Ti ẹ̀kọ́ ńkọ́? Kò sí dókítà tó lè mọṣẹ́ láì fọwọ́ kan aláìsàn, àwọn tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ wọ́n wò ń ṣe gbogbo wa lóore. Ṣùgbọ́n oore tí èèyàn kò mọ̀ pé òun ń ṣe kì í ṣe oore. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kó má pe ara rẹ̀ ní dókítà. Kí wọ́n sọ iye wọn. Kí wọ́n fa kọ́tìnì. Kí obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin bá fẹ́ yẹ ojú ara obìnrin wò. Aláìsàn lè gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì yẹ òun wò kó sì kọ mẹ́jọ yòókù. Ikùn tó ń ro èèyàn, tí ọwọ́ mẹ́wàá tẹ̀ léraléra, ìrora rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Kíkọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ìtọ́jú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ojú ara obìnrin wò lẹ́yìn tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ mú un sùn fún iṣẹ́ abẹ, láìjẹ́ pé wọ́n ti gba àṣẹ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé àwọn ilé ìwòsàn pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀. Fóònù náà ti di ìṣòro: fọ́tò egbò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sórí WhatsApp jẹ́ àṣírí aláìsàn, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jùlọ. Bíbo ojú nìkan kò tó. Ilà ojú, àpá, tàbí àmì orí bẹ́ẹ̀dì lè tú u síta.

Ìwádìí ni a ó fi ara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jùlọ. Nínú ìtọ́jú, dókítà ń wá ohun tó dára jù fún ẹ̀yin. Nínú ìwádìí, ó ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan, ẹ sì lè má jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n lè ṣẹ́ kèké láti mọ oògùn tí ẹ máa gbà, dókítà fúnra rẹ̀ sì lè má mọ èyí tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Wọ́n lè fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, kí wọ́n lè fi wéra. Kò sí ohun tó burú nínú èyí tí ẹni náà bá mọ̀, tó sì gbà, tí wọn kò sì fi ìtọ́jú tó ti dájú dù ú. Tí kò bá mọ̀, ó ti di ohun èlò iṣẹ́ wọn láìmọ̀.

Kano ti fi èyí hàn wá. Ní ọdún 1996 àrùn yírunyírun (meningitis) jà ní Nàìjíríà. Èèyàn tó lé ní 100,000 ló mú, ó sì pa àwọn tó lé ní 11,000. Ilé-iṣẹ́ Pfizer wá sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn ní Kano, wọ́n fi oògùn tuntun kan, Trovan, dán nǹkan bí ọmọ 200 wò: ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà, àjọ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ń fi chloramphenicol tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ 11 kú nínú ìwádìí náà, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìwádìí ni, àti pé ceftriaxone tí wọ́n fún àwọn ọmọ kan kò tó ìwọ̀n tó yẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu, pé oògùn náà gba ẹ̀mí là. Lẹ́tà àṣẹ tí wọ́n fi hàn láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí tún dá kún wàhálà, nítorí ọ̀gá ilé ìwòsàn tí lẹ́tà náà jẹ́ tirẹ̀ sọ pé wọn kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ìfura ti kùnà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, tó gbé e sáré wọ ilé ìwòsàn, tó sì rí èèyàn tó wọ aṣọ funfun tó nawọ́ oògùn sí i, yóò gbà pé ìtọ́jú ni. Kò ní ronú ìwádìí láé àyàfi tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un ní Hausa tó yé e, tí wọ́n sì fi chloramphenicol tó wà nítòsí hàn án pé òun náà wà, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2009 ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano parí ẹjọ́ ní mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọdún 2011 ni owó kọ́kọ́ kan àwọn ẹbí. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó bàjẹ́ kò dúró de ilé ẹjọ́. Nígbà tí Kano dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003 sí 2004, ọ̀ràn Trovan wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí, àrùn náà sì tàn kọjá ààlà Nàìjíríà.

Lónìí, ìwádìí lára èèyàn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera, àjọ NHREC ló sì wà lórí gbogbo wọn. Apá 32 òfin 2014 béèrè fún ìyọ̀ǹda tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò: ìwé ìwádìí tó péye máa ń ní nọ́ńbà àṣẹ ìgbìmọ̀ náà àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí, ọdún kan ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹ má fọwọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń ṣe ìwádìí àti ti ìgbìmọ̀, ẹni tó ń fi owó sí i, iye ìgbà tí ẹ máa wá, ewu tó wà níbẹ̀, àti ẹni tí yóò tọ́jú yín tí ìwádìí náà bá pa yín lára. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń fò jù, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò sábà máa ń jẹ́ mílílítà 5 sí 10, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan sí méjì. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ń fún wọn ní bíi mílílítà 450. Ìbéèrè tó wúlò jù ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Ṣé wọ́n máa dà á nù tí ìwádìí bá parí, àbí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀? Ṣé ó máa jáde kúrò ní Nàìjíríà? Ṣé wọ́n máa fi ṣe ìwádìí mìíràn láì tún bi yín? Owó ọkọ̀ tí wọ́n bá fún yín dára. Owó tó pọ̀ débi pé èèyàn yóò tìtorí rẹ̀ dijú sí ewu kò dára, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nítorí ìwádìí nìkan kò sì yẹ kó wà lórí bíìlì yín.

Ní abúlé, àwọn olùwádìí á kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, bó ṣe yẹ. Àṣẹ láti wọ ìlú ni Baálẹ̀ lè fún wọn. Kò lè fi apá ẹnikẹ́ni tọrẹ. Ilé sí ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún bèèrè, lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ara wọn wà níbẹ̀ tó gbọ́ gbogbo àlàyé. Òbí ló ń gbà fún ọmọ, síbẹ̀ ọmọ tó ti gbọ́n tó láti lóye, kí wọ́n bi òun náà, kí kíkọ̀ rẹ̀ sì ní ìtumọ̀.

Ẹ sì lè jáde nígbàkígbà láìsọ ìdí, ìtọ́jú tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yí padà. Tí oògùn ìwádìí náà bá jẹ́ irú èyí tí a kì í dá dúró lójijì, kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa dín in kù. Tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ pe nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó wà lórí ìwé. Fún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ọ́fíìsì SERVICOM, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, àjọ MDCN ló sì ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí dókítà. Ẹ kọ ọjọ́, wọ́ọ̀dù àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá ní ẹ̀dà kò sí, ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá a padà fún wọn.